Ẹ má wo dídán Golf oní-díísù, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò àwọn olówó o. Mọ́tò àwa tá a máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí l'Ọ̀fàdà, ní Mowe, n'Ibafo àti n'Ifo ni, àwa tá a gbọ́dọ̀ ti wọ Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí a kì í sì í padà délé kí àwọn ọmọ tó sùn.

Àbúrò mi kan wà tó kọ́lé sí Ọ̀fàdà, ṣùgbọ́n Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi dá àjọ, kò ra aṣọ, kò ṣe fàájì, nítorí kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà dánfó. Ọ̀sẹ̀ tó kó àjọ náà, kò tiẹ̀ jẹ́ kí owó sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Sátidé ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i o! Golf 4 ni, oní-díísù, onílẹ̀kùn méjì. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán bíi dígí. Wọ́n ní kì í mu epo, eré tó sì ń sá, àfi bí ìbọn. Ẹ bá mi wá wò ó."

Mo ní kó dúró dè mí di ọjọ́ Mọ́ńdè, pé màá mú Bàbá mẹkáníìkì kan tó mọ díísù dání. Ó ní Alhaji tó ń ta mọ́tò náà ti sọ pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà ti mọ orin yẹn, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Kò sí mọ́tò tí wọ́n ń tà tí ẹlòmíì kì í bọ̀ wá sanwó rẹ̀ lálẹ́. Àbúrò mi sanwó. Nígbà tó ń gbé e bọ̀ nílé, ó wọ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó lè gbádùn ara rẹ̀. Bó ṣe kọjá Ibafo báyìí, ńṣe ni agbára mọ́tò náà lọ wìì. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Èéfín dúdú bo ẹ̀yìn rẹ̀, trélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú fèrè. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó rí ọ̀nà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí Bàbá mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tọ́bò ti há, ibi tí kílọ́ọ̀ṣì jókòó lé ti já, pépà kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ní wàhálà tirẹ̀ lára. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, abẹ́ tapólì ni Golf náà wà, dánfó náà sì ni àbúrò mi ń wọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń ka owó àjọ tirẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń bá ṣe. Volkswagen kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò wọn pọ̀ l'Ọ́jọ̀ọ́, l'ọ́nà Badagry, níbi tí Ìjàpá tí àwọn bàbá wa gùn ti jáde. Golf ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1974. Ọdún 1976 ni wọ́n gbé GTI tó ń sáré jáde, wọ́n sì ṣe GTD, ìyẹn eléré tó ń lo díísù, lọ́dún 1982. TDI táwọn ọmọ wa ń pariwo wọ inú Golf 3 lọ́dún 1993. Golf 4 ló tẹ̀ lé e, láti 1997 sí bíi 2003, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń fi tan àwọn ọ̀dọ́ wa. Mọ́tò tó dáa ni o. Tí ara rẹ̀ bá yá, ó lágbára, ó sì mọ owó pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ló tilẹ̀ gbé díísù dé ẹnu gbogbo èèyàn? Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni. Ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí bẹntiróò sì fi ọjọ́ mélòó kan fò láti nǹkan tí kò tó ₦200 dé nǹkan bíi ₦500. Látìgbà náà làwọn èèyàn ti ń wá mọ́tò tí kì í mu epo. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé díísù, tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń pè ní gáàsì, kò ní ìrànwọ́ kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn. Lọ́dún 2022, nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀, ó kọjá ₦700 nígbà tí bẹntiróò kò tíì tó ₦200.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ń rin kìlómítà 80 lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀. Golf TDI tí ara rẹ̀ yá lè fi líta 5 ààbọ̀ rin kìlómítà 100. Golf oní-bẹntiróò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.6 lè mu bíi líta 8. Lójúmọ́, ti díísù á mu líta 4.4, ti bẹntiróò á mu 6.4. Líta 2 lẹ jèrè. Tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, líta 44 nìyẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ká ní bẹntiróò jẹ́ ₦1,000, tí líta díísù bá ti dé ₦1,450, ọgbọọgba ni wọ́n wà, kò sí èrè mọ́. Torí náà ẹ fi iye tẹ́ ẹ rí ní ilé epo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò ṣe ìṣirò tiyín, ẹ má fi ẹnu Alhaji ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ síbi tí mọ́tò wà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ dé láàárọ̀, kẹ́ ẹ má sì sọ aago tẹ́ ẹ máa dé gan-an. Bẹ́ ẹ ṣe dé, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti jí i kẹ́ ẹ tó dé nìyẹn. Díísù kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróò. Ńṣe ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná, kí díísù tó bá a níbẹ̀ tó gbiná. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó kò lè fún afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, ìgbà tó bá tutù ló sì máa ń fi àṣírí ara rẹ̀ hàn. Tó bá gbóná, ó lè ṣe bí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá bá a ní gbígbóná, ẹ ní ẹ ń lọ jẹun, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ tó jí i, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo iná gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná tí kò tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kẹ́ ẹ má baà rí ẹ̀sùn tó fẹ́ kà. Ẹ wo iná kan tó rí bíi wáyà tí wọ́n ká rìgìdì. Ti hítà plọ́ọ̀gì nìyẹn. Tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí mọ́tò ń rìn, ẹ́ńjìnnì ń ké nìyẹn. Nínú Golf 4, nígbà mìíì, kò ju súwíìṣì iná bíréèkì tó bàjẹ́ lọ, ohun tí kò wọ́n rárá. Nígbà mìíì ẹ̀wẹ̀, tọ́bò ni. Síkáànù ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ẹ mú ẹni tó ní síkáànù dání, kì í ṣe ẹni tó máa fi etí lásán sọ pé "kò sí wàhálà, ọ̀gá."

Ẹ jí i wàyí, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn. Èéfín díẹ̀ kò burú. Èéfín dúdú tó ṣú bolẹ̀ túmọ̀ sí pé díísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ó lè jẹ́ fílítà ìdọ̀tí, ó lè jẹ́ tọ́bò, ó lè jẹ́ nọ́sù. Èéfín tó jọ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, tọ́bò tàbí ríǹgì ló fà á. Èéfín funfun tí kò tán lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, díísù tí kò jóná ni tàbí omi radiétọ̀ tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn wẹ́rẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Tó bá ń mí fìì-fìì bíi rélùwéè, ẹ dágbére fún wọn.

Bẹ́líìtì táímìnnì ńkọ́? Èyí ló máa ń pa Golf díísù pátápátá. Tó bá já lórí eré, fáfù á fi orí gbá písítọ̀nù, ẹ́ńjìnnì á sì di irin àlòkù lójú ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì kì í kígbe kó tó já. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní rìsíìtì tó fi ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ hàn, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ owó bẹ́líìtì, tẹnṣọ́nà àti pọ́ńpù omi kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò náà lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde sí títì. Kì í ṣe láàárín àdúgbò o, ibi tó ti lè sáré ni. Tọ́bò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí èéfín tó ń jáde ń yí, òun ló ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ TDI, àwọn abẹ́ kéékèèké wà nínú rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé. Tí mọ́tò bá ń fi gbogbo ìgbà wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, èédú á dí wọn, wọ́n á há. Ohun tó ṣe àbúrò mi nìyẹn. Ẹ fi í sí gíà kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa níbi tí ọ̀nà ti dá. Tí agbára rẹ̀ bá já lójijì, tó wá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pa á, tẹ́ ẹ tún jí i, ó tún dáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ìdọ̀tí epo ni" tàn yín jẹ.

Ọ̀rọ̀ tọ́bò tún ní ewu kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wa díísù mọ̀. Tó bá bàjẹ́ tó ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì lè máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ, kó máa pariwo sókè, kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kó má kú. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ fi í sí gíà tó ga jù, ẹ ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó lè kú tipátipá. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kílọ́ọ̀ṣì ló kàn. Díísù eléré ní agbára tí ń fa nǹkan ju bẹntiróò lọ fíìfíì. Nítorí náà wọ́n gbé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé irin ńlá kan tó pín sí méjì tó ní sípíríìnì láàárín. Tí irin yìí bá ti já, ẹ máa gbọ́ gbàràgàdà nígbà tí mọ́tò dúró, ìró náà á sì yí padà tàbí kó dákẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún fi í sí gíà kẹrin lórí eré kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ lójijì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo sí i tí mọ́tò ò sì yára sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Owó tí ẹ máa fi ra irin yìí àti kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ lè jẹ èrè epo ọ̀pọ̀ oṣù.

Tó bá jẹ́ Golf 5 tàbí 6 lẹ fẹ́, ẹ bèèrè asẹ́ èédú tó wà nínú sálẹ́ńsà. Ẹ̀rọ yìí ń kó èédú jọ, ó sì nílò kí mọ́tò sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀ kó lè jó o dànù. Ẹni tó jẹ́ pé láti Mowe dé Bẹ́gà ló ń fà nílẹ̀ bí ìgbín lójoojúmọ́, asẹ́ rẹ̀ á dí. Díísù tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ tún ń bà á jẹ́. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2009, imí-ọjọ́ inú díísù kò gbọ́dọ̀ ju ìpín 10 nínú mílíọ̀nù lọ, irú epo yẹn ni wọ́n ṣe mọ́tò náà fún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé òyìnbó lásán ṣẹ̀rí fún yín. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni àṣírí tú l'Amẹ́ríkà pé Volkswagen fi ẹ̀tàn sínú kọ̀ǹpútà àwọn mọ́tò díísù rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbà àyẹ̀wò nìkan ni èéfín wọn máa ń mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé mọ́tò bíi mílíọ̀nù 11 lọ́rọ̀ kàn kárí ayé. Tí òyìnbó tó ṣe é bá lè fi ìwé parọ́, mélòó mélòó ni ẹni tó ń tà á létí ọ̀nà.

Ẹ wá ka nọ́ńbà ṣáàsí wàyí. Ti Golf tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, WVWZZZ ló sì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e lẹ ó wò: 1H ni Golf 3, 1J ni Golf 4, 1K ni Golf 5. Ẹ ka ìkẹwàá: X ni 1999, Y ni 2000, 1 ni 2001, 2 ni 2002. Tí ẹni tó ń tà á bá ní 2003 ni, tí ìkẹwàá sì jẹ́ X, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Nínú búùtù, nítòsí táyà ìpamọ́, bébà kékeré kan wà tó ní lẹ́tà ẹ́ńjìnnì lára: AGR tàbí ALH jẹ́ agbára ẹṣin 90, ASZ jẹ́ 130, ARL jẹ́ 150. Kí lẹ́tà yẹn bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu. Tí kò bá bá a mu, Belgium ni wọ́n gbé sí i. Ẹ má gba lẹ́tà "TDI" pupa tó wà lẹ́yìn mọ́tò gbọ́, ọjà ló wà.

Ẹ má gba kìlómítà náà gbọ́. Ẹ ronú sí i: ta ló ń ra díísù nílùú òyìnbó? Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn ni. Golf díísù ogún ọdún tó ní òun ò rìn ju kìlómítà 80,000 lọ, ẹ wo rọ́bà bíréèkì, ẹ wo sítíárì àti etí ìjókòó awakọ̀. Tí wọ́n bá ti jẹ, wọ́n ti dá aago náà padà. Ẹ tẹrí wo abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù níbẹ̀ máa ń jẹ irin àti páìpù bíréèkì. Ẹ sì wo wáípà. Tó bá ń fọ apá òdì, ó lè jẹ́ mọ́tò Ìlú Ọba tí wọ́n gbé sítíárì rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún.

Pépà ló kù, òun ló sì lè gba mọ́tò lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Ọ̀pọ̀ Golf wọ̀nyí ń gba Kútọnu àti Sèmè kọjá láyé ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀, etí òkun nìkan ni ọ̀nà. Mọ́tò tó bá gba inú igbó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, fàyàwọ́ ni, bí pépà rẹ̀ ti wù kó dán tó. Tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí sítíárì ni wọ́n máa bi, wọn kì í lọ wá Alhaji. Ẹ mú nọ́ńbà ṣáàsí lọ bá ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ló máa tún un ṣe. Mẹkáníìkì tó mọ Golf oní-bẹntiróò pọ̀ ní Mowe, àwọn tó mọ díísù trélà àti jẹnẹrétọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ TDI gan-an lọ̀tọ̀. Ẹ wá a kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé kòmísọ́nnì ẹni tó ń tà á ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ má ra díísù inú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà. Omi tàbí kẹrosíìnì inú rẹ̀ ló ń pa pọ́ńpù, torí díísù yẹn náà ni ọ́ìlì tí pọ́ńpù ń lò.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra díísù o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àbúrò mi náà ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ó ní tòun bá kó èyí, òun á kọ́kọ́ pe Bàbá mẹkáníìkì kóun tó pe Alhaji. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tapólì tó bo Golf rẹ̀, kó máa kà á láràárọ̀ tó bá ń lọ wọ dánfó.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rọra wakọ̀ o.